Ṣíbí Méje

Ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí ọkùnrin kan ti ń ṣiṣẹ́, Ahọ́n-ò-parọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń tọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò wò kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò. Bó bá ti ní, "Ó kù díẹ̀," wọn á bu ṣúgà kún un. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Ìyàwó rẹ̀ máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà òun ló ń po wàrà gbígbóná fún ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í ka ṣíbí. Á da ṣúgà sí i, á rò ó, á tọ́ ọ wò, á tún dà sí i, títí ahọ́n rẹ̀ á fi gbà.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú, tí kò lè jẹun mọ́, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Dókítà náà tan iná kékeré sí i lẹ́nu, ó sì yẹ eyín rẹ̀ wò.

"Eyín mẹ́rin máa kúrò," ó ní. "Bàbá ọmọ, ṣé súìtì ló ń jẹ tó báyìí?"

"Súìtì kẹ̀! Kì í wọlé mi, Dókítà."

"Kí ló ń mu láàárọ̀?"

"Wàrà. Èmi gan-an ni mò ń pò ó."

"Ṣíbí ṣúgà mélòó?"

"Mi ò kì í kà á, mà. Mo máa ń tọ́ ọ wò ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Ó sọ fún un. Dókítà rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, ó pò ó bó ṣe máa ń pò ó, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ tó wá kí wọn. Ìyá fẹnu kàn án, ó sáré lọ tu ú dànù.

"Ta lo po èyí fún? Ṣé èèrà lo fẹ́ ṣe lálejò ni?"

"Ọmọ ni, Màámi."

"Ọmọ yìí tó ń sunkún eyín?" Ìyá fa àga. "Pò ó lójú mi, kí n kà á."

Ṣíbí méje ni. Ìyá ò ṣàwàdà mọ́. "Ahọ́n-ò-parọ́," ó ní jẹ́jẹ́, "ó parọ́ o."

Ahọ́n rẹ̀ ti yigbì, bí àtẹ́lẹwọ́ alágbẹ̀dẹ tí kì í tètè mọ̀ pé irin gbóná. Ọmọ ta ló tún ń jẹ ohun tí ahọ́n yìí bá gbà? Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí wọn á jọ máa tọ́ ìyẹ̀fun wò. Ọ̀gá kàn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yọ eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nílé, ó dín ṣúgà kù sí ṣíbí márùn-ún, ó di méjì, ó wá di òfo. Ọmọ sunkún, ó ti ife sẹ́yìn. Bàbá ń mu tirẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láràárọ̀. Lẹ́nu tirẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ife ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ náà mu ún dé ìdajì, ó fi ẹnu aláàlàfo rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ ti fi ṣúgà sí i! Ó dùn."

Bàbá kò fi nǹkan kan sí i. Ó gba ife, ó tọ́ ọ wò. Kò gbọ́ adùn kankan.

Ó dá ife padà. "Bó o bá ní ó dùn, ó dùn nìyẹn," ó ní, ó sì fi ṣíbí lé e lọ́wọ́. "Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa tọ́ ọ wò."