Arò Fágbénró

Ta ni kò tíì gbọ́ orin yẹn? Kò sí rédíò tí kò gbé e sáfẹ́fẹ́, kò sì sí ọlọ́kadà láti Ìtàjí dé Ìkọ̀lé tí kò mọ̀ ọ́n sórí. "Fágbénró bàbá mi, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Morádéyọ̀ ọmọ òrukàn ló kọ ọ́, gbogbo ayé sì ń bá a sunkún.

Irọ́ ńlá! Fágbénró ń bẹ ní Ìpáò, ó ń sá kòkó.

Láyí, tó ń bójú tó iṣẹ́ orin Morádéyọ̀ l'Ékòó, ló ní ẹkún ló ń tà. Ìyá Morádéyọ̀ ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Láyí ní òkú kan kò tó. Morádéyọ̀ wá ní bàbá òun kì í gbọ́ rédíò. Ẹ gbọ́ ná, ṣé bàbá náà kò ní aládùúgbò ni?

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Dáramọ́lá, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, gbọ́ pé àna òun kò kú. Kò pariwo. Ó ní, "Bí bàbá rẹ bá jókòó níbi ìdána wa lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá wá, n ò lè fẹ́ ẹni tó fẹnu pa bàbá rẹ̀." Oyún Morádéyọ̀ sì ti pé oṣù mẹ́rin.

Ló bá wakọ̀ dé Ìpáò lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ojúọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà.

"Àǹtí, ẹ kú ulé. Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá wo?" Ojúọlá kò gbójú sókè. "Tìrẹ ti kú. Àbí o ò gbọ́ orin ni?"

Ẹnìkan wúkọ́ nínú ilé. Morádéyọ̀ mọ ikọ́ yẹn láti kékeré. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó jáde. Kó bú mi, kó nà mí, mo gbà."

"Wọ́n wá kí wa kú ọ̀fọ̀ láti Ifisin," ni Ojúọlá wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún wọn. Síbẹ̀ ó ní ká má bú ọ, pé bóyá ebi ló ń pa ọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pè ọ́, o ò gbé e. Ó wá ọ wá síbi tó o ti ń kọrin ní Ọyẹ́. Kí lo ní kí wọ́n ṣe fún un?"

Morádéyọ̀ ti wo bàbá náà lójú níjọ́ yẹn, ó ní kí wọ́n lé wèrè yẹn kúrò níwájú òun. Kò sọ tìyẹn fún Dáramọ́lá. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Fágbénró jáde, ó ti gbẹ, eruku kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Morádéyọ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń ké, "Bàbá mi! Bàbá mi!"

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọkàn Morádéyọ̀ balẹ̀, ó ní ìre ló fẹ́ sú fún òun.

"Morádéyọ̀ ọmọ mi," ni bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ l'Ékòó ni kó o bá wọn jẹ."

Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Morádéyọ̀, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ojúọlá ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ.