Oko Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Sí

Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ìgbó-Ọrà ra kọ̀ǹpútà láti máa to àwọn tí katakata yóò bá túlẹ̀, oko wa ni ó kọ́kọ́ sọnù nínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Bí katakata bá kọjá sí Igangan láìdé ọ̀dọ̀ wa, a kò ní gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún náà.

Ètò kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ti Rosaline, ọmọ tíṣà, ń gba ìbéèrè lójú fèrèsé. Ti Adéníran, ọmọ ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ń dá a lóhùn láti inú. Rosaline tẹ orúkọ oko wa, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. "Oko yìí kò sí" ni mo kà níbẹ̀.

"Bàbá Mùnírátù, àbí orúkọ mìíràn ni ẹ fi sílẹ̀?"

"Orúkọ tí oko náà ń jẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá tìrẹ ni."

Mo mọ ẹni tí ó ṣe é. Bàbá Adéníran ni ó fa pèrègún ààlà wa tu nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sì kú láìbẹ̀ wá. Bàbá fa pèrègún, ọmọ fa orúkọ.

Mo wọlé tọ Adéníran lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, èyí sì mú kí n túbọ̀ fura.

"Ibo lo gbé oko wa sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni ín, ẹ̀yin ni àbí Alàájì Àkíbù?"

"Èmi àti Àkíbù ẹ̀gbọ́n mi ni. Bàbá wa ní a kò gbọdọ̀ pín in."

Ó fọwọ́ họ orí. "Ẹni kan sí oko kan ni mo kọ́ ètò mi. Kò lè ṣe oko àpapọ̀."

Rosaline ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló dé tí ètò yín fi ń sọ fún ètò temi pé kò sí?"

"Ohunkóhun tí kò bá lè ṣe, 'kò sí' ló ń jù síta. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀."

"Bọ̀dá Adéníran, tí temi bá ti gbọ́ 'kò sí', ṣe ló ń yọ onítọ̀hún kúrò lórí ìlà."

"Kó máa ju 'ẹ ṣàṣìṣe', nígbà náà."

"Àṣìṣe wo ni Bàbá ṣe? Wọ́n á máa tún un sọ títí òjò á fi dé. Kó sọ pé oko wà, òun ni òun ò lè ṣe é. Temi á fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìlà, á pè mí kí n fọwọ́ ara mi tò wọ́n."

"Wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́."

"Bàbá rẹ náà kò lè sọ pé òun kò lè," ni mo wí.

Rosaline fi gèlè bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Adéníran fa pátákó bọ́tìnnì mọ́ra, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a tún béèrè, kọ̀ǹpútà ní: "Oko wà. N kò lè ṣe oko àpapọ̀." Rosaline fi wá sẹ́yìn àwọn ará Ìdèrè lórí ìlà.

Katakata dé kí òjò tó rọ̀. Adéníran fúnra rẹ̀ ni ó mú awakọ̀ wá. Àkíbù gbé omi fún Adéníran, ó ń ṣàdúrà fún un. Èmi lọ dúró sídìí pèrègún tí mo tún gbìn.

"Bàbá Mùnírátù, wọ́n ti ń tú u," ni Adéníran wí. "Kí ni ẹ tún ń ṣọ́?"

"Ààlà."