Ìgò Tó Wúwo Jù Lọ

Ó ti ki ọwọ́ bọ inú ìgò náà dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó rántí pé òun ò so épírọ́ọ̀nù mọ́ra. Omi oògùn ta sí i láyà, òórùn rẹ̀ gún un nímú, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ yọ. Okùn ló ń wá. Nígbà tó bá a, ó rọra fà á títí páànù kékeré kan fi yọ lábẹ́ ọpọlọ ènìyàn tó wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó nù ún. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni mẹ́sàn-án.

Ó yíjú sí ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, alágbàfọ̀.

"Ó parí," ni Ìyá Ìgò wí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń bá a gbé inú yàrá náà àfi ọpọlọ mẹ́rìnlélógún.

Ìyá Ìgò ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ti ń tọ́jú àwọn ìgò wọ̀nyí, tó ń pààrọ̀ omi wọn, tó ń nu eruku ara wọn, tó sì ń kí wọn láràárọ̀ bí ẹni ń kí ará ilé. Èyí tó ki ọwọ́ bọ̀ yìí ló níyì jù nínú wọn. Akọni ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ọ́. Òun ló wúwo jù lọ, wọ́n sì kọ "Ọkùnrin" sára ìgò rẹ̀ gàdàgbà. Lọ́dọọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbé e síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, á gbé ìgò obìnrin tó fúyẹ́ jù tì í, á ní, "Ẹ ò rí i? Òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú." Lónìí, ní aago mẹ́rin, ó tún fẹ́ gbé e jáde níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdágbére rẹ̀.

Àwọn tó wá kó kọ́bọ́ọ̀dù lọ sílé tuntun láàárọ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti èyí tó tóbi jù kúrò lára ògiri, ìwé àkọsílẹ̀ tó túmọ̀ nọ́ńbà àwọn ọpọlọ já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti gbà tipẹ́ pé omi ló gbé e lọ.

Omi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún kejì tó dé ẹnu iṣẹ́, páìpù kan bẹ́ lókè àjà lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣílẹ̀kùn, gbogbo ìwé pélébé tó wà lára ìgò ti ṣí, wọ́n ń léfòó nílẹ̀, yíǹkì wọn ti ṣàn dànù. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin jẹ́ méjìlá, obìnrin jẹ́ méjìlá, ṣùgbọ́n èwo ni èwo, nígbà tí ìwé tó túmọ̀ nọ́ńbà wọn ti sọnù? Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú nígbà náà, ní ìyẹn ò le. "Gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Méjìlá tó bá wúwo, kọ ọkùnrin sí i. Méjìlá tó kù, obìnrin." Ìyá Ìgò ní ìkọ̀wé tó dára. Ó fi gègé tí omi ò lè pa rẹ́ kọ ọ́, kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n tún àwọn ìgò náà wọ̀n. Ó ti gbàgbé. Ó rí i pé kò sí ti ọkùnrin kan tí kò wúwo ju ti obìnrin, ẹnu yà á, ó sì fi kọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá pa Ìyá Ìgò lẹ́rìn-ín, bí kò bá ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọmọbìnrin náà nígbà tó gba ipò kìíní nínú ìṣirò, tó ní òun fẹ́ kà á ní yunifásítì. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá rẹ̀. Ó mú un wá sínú yàrá yìí, ó fi ìgò méjì hàn án. "Ọmọ mi, má pa ara rẹ. Wá ohun tí orí obìnrin lè gbé." Ọmọ náà wo àwọn ìgò náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, mọ́mì." Gíláàsì ojú ló ń tà báyìí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí Akọni bá sì tún gun orí tábìlì lónìí, igba ọmọ ló máa gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn relé.

Ó gbé ìwé náà há abíyá, ó di yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Baba náà ń bá táì jà níwájú dígí. "Ìyá Ìgò, bá mi so nǹkan yìí."

"Ẹ jókòó ná, sà."

Ó jókòó. Ó ka ojú ìwé kan, ó kà á léèkejì. Ó ní káwọn lọ sí yàrá ìgò, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ń fa okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti táì tó ń fì lọ́rùn. Nínú méjìlá tí wọ́n kọ ọkùnrin sí, obìnrin ni márùn-ún. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ìyá Ìgò mọ̀ pé bí baba yìí bá ní kí àwọn gbé ìwé náà padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, òun ò ní lè jiyàn, nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀.

"Ìkọ̀wé rẹ nìyí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbẹ̀yìn, ó ń nawọ́ sí ọ̀rọ̀ tó wà lára ìgò.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Lójijì, ẹ̀rín bẹ́ sí i lẹ́nu, ó rín in títí ó fi wá àga. "Mo ti fi gbogbo ayé mi fi àwọn ará àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Omijé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan. "Wá so táì yìí fún mi."

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́: bí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ijọ́un ṣe ń da hóró irúgbìn sínú agbárí láti mọ èwo ló gba jù, bí wọ́n ṣe ní iwájú ọpọlọ ni òye wà, tí iwájú ọkùnrin sì tóbi, bí ìròyìn ṣe yí padà pé apá ẹ̀yìn ni, tí ẹ̀yìn ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan nínú wọn," ló wí. "Èmi ni."

Ó sọ ti páìpù, kò fi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Ìyá Ìgò síwájú pé kó mú gègé rẹ̀ wá. Ìyá Ìgò fi ọ̀bẹ ha "Ọkùnrin" kúrò lára ìgò Akọni, ó kọ "Obìnrin".

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òun náà ló ṣì wúwo jù?"

"Bi ẹni tó ni ín," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Bó ṣe wúwo lánàá náà ló ṣe wúwo lónìí," ni Ìyá Ìgò fèsì.

Kò dúró gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹ níwájú ìgò lọ́jọ́sí, irọ́ ni. N ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Má bínú."

Ìyá Ìgò ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ti dúrọ́ọ̀ kan pa nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Mo mọ̀, mọ́mì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ kíláàsì ìṣirò nírọ̀lẹ́. Ó ku ìdánwò kan kí n gboyè."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, kẹ́ ẹ má tún lọ mú mi wá wo ìgò."

Ìyá Ìgò fun imú. Ó bèèrè ọjọ́ tí ìdánwò náà bọ́ sí, ó wá ìwé lápò, kò rí, ó sì fi gègé tí omi ò lè pa rẹ́ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.