Bẹ́ẹ̀dì Tí Ọ̀gá Lè Gùn

Atúnfáànùṣe dojú bẹ́ẹ̀dì náà bolẹ̀ láàárín yàrá, ó fi bírò sàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mú ayùn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ wá dúró síbẹ̀, ó wo ibi tí orúnkún rẹ̀ dé. Kò fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò lè gun ohun tó ga ju ìyẹn láìké pe èèyàn, eléyìí kì í sì í ké pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí òun ló ń pàṣẹ nílé.

Alágbàfọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilé kígbe. "Bàbá Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń pa lókè yẹn?"

"Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń gé!"

"Ibo ló fẹ́ sá lọ tẹ́ ẹ fi ń gé e lẹ́sẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú sí i lẹ́nu, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a rín in. Iṣẹ́ ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, ó sì di ìgbà tí àdéhùn iṣẹ́ náà bá parí kó tó padà. Bí fóònù bá tilẹ̀ wọlé, ohùn rẹ̀ á máa já bí òwú tó ti gbó.

Láti ọjọ́ tí ìyá ti lọ ni Ọ̀gá ti yí padà. Bàbá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó di ẹkún. Ó ní kí wọ́n dá èèpo padà sára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá sì gbìyànjú ẹ̀ lóòótọ́, nítorí kò sí ohun tó bá tú tí kì í kọ́kọ́ gbìyànjú láti tò padà. Èèpo kọ̀, Ọ̀gá sì nà gbalaja sílẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ lu símẹ́ńtì.

Ti oorun ló wá burú jù. Bàbá á fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, á máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà títí orí ọmọ á fi wúwo sí i lẹ́yìn. Á rọra tú ọ̀já, á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí igbe á ta. Ẹkún ebi kọ́, ẹkún ìtọ̀ kọ́. Igbe ẹni tí wọ́n jí gbé ni. Bí bàbá bá fẹ́ gbé e, á máa tàpá, á máa fi orí gbá a láyà.

Ojoojúmọ́ ló wá ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Ó so wáyà fáànù kan sódì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Oníbàárà gbé e padà, ó ní òun ò mọ̀ pé ògiri ni ooru ń mú.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pè. "Àbúrò mi, ọkùnrin ò lè dá eléyìí ṣe. Tó bá di Sátidé, mò ń bọ̀ wá mú un. Bí ìyá ẹ̀ bá dé, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo yàrá yí ká. Bí wọ́n bá mú Ọ̀gá lọ, ta ni yóò máa kí bó bá jí?

Lọ́jọ́ kejì, oorun gbé e lọ lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Oòrùn yí débi tó wà, ó ń pa á lórí. Àánú rẹ̀ ṣe alágbàfọ̀, òun àti oníbàárà kan bá gbé e tàga-tàga lọ sí ibòji lẹ́yìn ilé. Nígbà tó lajú, aṣọ funfun ló yí i ká, tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò rí tábìlì iṣẹ́, kò rí fáànù kan.

"Wọ́n ti gbé mi o!"

Alágbàfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ya ara rẹ̀ nífun. "Bàbá Ọ̀gá, ẹ ò tíì kú o! Aṣọ oníbàárà tí mo sá ni!"

Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dìde dúró lójijì. "Ẹ̀yìn mi ló ti ń sùn," ó ní. "Orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ti ń jí."

"Ta ni?"

"Ọ̀gá."

Alágbàfọ̀ wò ó lójú. "Ẹ padà sùn, bàbá. Oorun ò tíì dá lójú yín."

Àmọ́ ó ti yé e. Nígbà tí ìyá wà, orí bẹ́ẹ̀dì lòun àti ọmọ jọ máa ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń jí. Ọmọ gbọ́dọ̀ sùn síbi tí yóò ti jí, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gun ibẹ̀, nítorí gbígbé tí wọ́n ń gbé e gan-an ló ń bí i nínú. Ìdí nìyẹn tó fi wá ayùn.

Ó ṣèèṣì gé ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń fi ayùn lé e láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà yóò balẹ̀ pátápátá. Ó wá awẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan, ó kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, ó fi sáńpépà pa etí gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oorun wá dé, ó gbé ọ̀já wá. "Pọ̀n mí."

"Rárá o, Ọ̀gá. Orí bẹ́ẹ̀dì."

Ilé dàrú. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wí pé, "Mo wà níbí, mo wà níbí." Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú, kí wọ́n má baà lọ gbé e. Nígbà tó rẹ Ọ̀gá, ó sùn, ẹsẹ̀ kan ń fì dirodiro létí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn bàbá tutù, bí ẹ̀yìn ẹni tó bọ́ ẹ̀wù tó ti mọ́ ọn lára.

Sátidé pé. Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì òfìfo dání wọlé. Ọ̀gá sáré wọlé láti ìta, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ figbe ta, ó yí lulẹ̀.

"Ṣé o rí i báyìí? Àbí kí n má sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi wọ bàtà yẹn fún un padà."

"Kí n wọ bàtà fún ọmọ tó ń na ilẹ̀!"

Bàbá fúnra rẹ̀ dúró títí ẹkún náà fi rọlẹ̀, ó ti bàtà náà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá fa ikun símú, ó dìde jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàtà, ó tò wọ́n ti ara wọn.

"Mo bọ́ ọ," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ bàtà méjèèjì náà.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ó fi ikùn gun bẹ́ẹ̀dì, ó fa ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ sùn. Ó ṣe díẹ̀, ó ta gìrì, ó jókòó, ojú rẹ̀ ranko. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde, bàbá fi ọwọ́ dá a dúró. Ọmọ wo ìrọ̀rí, ó wo ògiri, ó wo bàbá.

"Bàbá."

"Mo wà níbí."

Ó tún sùn padà.

Ẹ̀gbọ́n ká báàgì náà títí ó fi kéré, ó tì í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Kó máa bá ẹ gbé o. Màá sọ fún ìyá ẹ̀." Ó wá tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń pọ̀n ẹ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó padà wọlé. Ó bu oúnjẹ nígbà tó ṣì gbóná, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú yàrá àfi mímí ọmọ. Ó rọra ń jẹun, kí oúnjẹ má baà tán kí Ọ̀gá tó jí.