Bí Dókítà Bá Dé

"Dókítà kò tíì dé o, bàbá ọmọ. Àlàmísì ló ń bọ̀. Ibùsùn kankan ò sì ṣófo. Ẹ máa gbé e padà sílé ná."

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló ń bá Àlàgbé sọ̀rọ̀. Màríámù ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé Nùsírátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, mọ́yà. Láti Tatonnonkon níbi tí wọ́n ń gbé wọ Adja-Ouèrè níbí, lórí alùpùpù, nínú eruku, ni ọmọ náà ti ń mí hẹlẹ. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Dókítà ará Gánà kan ló lè tọ́jú irú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wá.

Nọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ. Àlàgbé yọ fóònù, ó tún ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé dókítà fi ránṣẹ́ lówùúrọ̀ kà: "Bring the child as soon as the doctor arrives."

Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́dọọdún ló ń kìlọ̀ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì kò rí bíi Faransé tí wọ́n ń sọ: lẹ́yìn "as soon as", wọn kì í fi "will" sí i. "Arrives" ni wọ́n ń kọ, kódà bí ẹni náà kò tíì gbéra nílé. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀, "doctor arrives" nìkan lojú rẹ̀ rí. Ó sáré wọlé, ó ní dókítà ti dé, kí Màríámù múra.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Màríámù bi í nísinsìnyí, ó ń wo fóònù náà.

Àlàgbé rò ó kó sọ pé akọ̀wé ló ṣì í kọ. Màríámù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò gbà á gbọ́.

"Wọ́n ní bó bá dé ni ká gbé e wá. Èmi ni mo kà á sí pé ó ti dé."

Màríámù wo ojú Nùsírátù. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

"Èmi ni."

Màríámù jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. "Bí a bá tún gbé e gba ọ̀nà yẹn, kò ní délé. Mi ò lọ. Ẹ lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn kó wá àyè fún wa."

Àlàgbé bá nọ́ọ̀sì náà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọdébìnrin ni, irú èyí tó ń kọ́ ní kíláàsì. Àlàgbé ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.