Ẹsẹ̀ Morọ́láyọ̀ Lórí Pẹ́dà

Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn máa rán lọ sí ìdíje Àbújá, ọdún mẹ́ta sì ni Morọ́láyọ̀ ti fi ń múra sílẹ̀ fún un. Láàárọ̀ Sátidé, lójú ọ̀nà Ekiadolor, Kóòṣì Adékọ́lá gbé kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ̀rọ agbára jáde. Ara irin pẹ́dà ni ẹ̀rọ náà wà. Ó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó, iye wáàtì á sì yọ lójú fóònù Kóòṣì. Olúkúlùkù á gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí wáàtì ẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń lọ.

Bọ́lánlé tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ gùn ún, wáàtì igba ó dín méjìlá ló tẹ̀. Ó wá kan Morọ́láyọ̀.

“Mọ́kànlélógóje,” ni Kóòṣì wí. “Ìyá mi àgbà á tẹ̀ ẹ́ jù báyìí lọ.”

“Kóòṣì, mo kọjá ilé epo. Bọ́lánlé ò débẹ̀.”

“Atẹ́gùn ló tì ẹ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Ẹja dídì ni Morọ́láyọ̀ ń tà ní Iyaro, kò sóhun tí òṣùwọ̀n ń ṣe tí kò mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbéra, Kóòṣì á gbàdúrà. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín, á tẹ fóònù kí ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Orí kẹ̀kẹ́ ni Morọ́láyọ̀ ti ṣe àmín tiẹ̀, ẹsẹ̀ òsì lórí pẹ́dà. Mùsùlùmí ni Bọ́lánlé ní tiẹ̀. Ilẹ̀ ló dúró sí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

“Ẹ tún un tẹ̀, Kóòṣì. Ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dà nígbà tá a ṣe àmín. Tí mo bá fi ẹja sórí òṣùwọ̀n, tí mo wá ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí mo wá gbé ẹja yẹn kúrò, èyí tí mo bá gbé lé e tẹ̀lé e, á ní ó fúyẹ́.”

“Ṣé àdúrà lo wá ń bá jà?”

“Rárá, sà. Ẹsẹ̀ ni.”

Bọ́lánlé bú sẹ́rìn-ín.

“Tó o bá fẹ́ tún un gùn, àfi báyìí,” ni Kóòṣì wí. “Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ lọ́la.”

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti rẹ Morọ́láyọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jìnnà sí pẹ́dà. Kóòṣì gba àdúrà tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tẹ fóònù. Morọ́láyọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kó dé ilé epo nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé.

Nígbà tó padà, Kóòṣì wo fóònù. Ó nu ojú fóònù náà, ó tún wò ó.

“Igba ó dín mẹ́sàn-án.”

Bọ́lánlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kóòṣì, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ kíá, kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn.”