Ọjọ́ tí Akínlẹ́yẹ Fi Ẹ́ńjìnì Di Ọkọ̀ Mú

Bí Akínlẹ́yẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù Kúdírát ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó, àwọn géèmù gan-an á fẹ́ẹ̀ dìde kí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀, gbọ́n ju ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta lọ. Ó lè tẹ iná nínú òjò, lórí títì tó ń dán bí ojú díńgí, kí táyà má yọ̀ ju ìwọ̀n èékánná lọ. Sítíárìn Kúdírát, tó ní pẹ́dàlì mẹ́ta àti ọ̀pá jíà bíi ti mọ́tò gidi, kò gbọ́ràn sí ẹlòmíì lẹ́nu mọ́. Gbogbo Adó mọ̀. Ìkẹ́rẹ́ mọ̀. Wọ́n ní ìròyìn ti dé Ìjerò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà, bàbá tó bí i lọ́mọ.

Oyèmọ́lá, bàbá náà, ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀fọ̀n wá sí Ọjà Ọba ní Adó, iṣu lẹ́yìn, àwọn ìyá oníṣu níwájú. Ní báyìí, orúnkún ń dà á láàmú. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á gbé bọ́ọ̀sì fún dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Olúwarótìmí. Nígbà tí Akínlẹ́yẹ gbọ́, ara rẹ̀ gbóná bí ẹ́ńjìnì tí omi ti tán nínú ẹ̀. Òun tó ní láísẹ́ńsì! Òun tí ọ̀dọ́ gbogbo ìlú ń wò lójú!

"Dírẹ́bà inú tẹlifíṣọ̀n," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Bí o bá já sí kòtò níbẹ̀, wàá tẹ bọ́tìnì, wàá tún jí dìde. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ta ni yóò tẹ bọ́tìnì fún ọ? Usẹ́ ọ̀lẹ ni géèmù!"

"Bàbá mi, ẹ wá wakọ̀ inú géèmù lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá nà mí, mi ò ní dárúkọ bọ́ọ̀sì mọ́ láyé mi. Bí mo bá nà yín, èmi ni mo ni sítíárìn lọ́jọ́ Ajé."

Bàbá fi ẹ̀rín bú u. "O fẹ́ na èmi? Èmi tí àwọn òkè ń yẹ̀ fún lọ́nà?"

Ẹ ò rí ibi tí ọmọ ti jogún ẹnu.

Lọ́sàn-án Sátidé, èrò kún ṣọ́ọ̀bù débi pé afẹ́fẹ́ ń tò sórí ìlà kó tó wọlé. Kúdírát, ọmọ Òṣogbo tí kì í ṣègbè, yan títì òkè kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ewúrẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló fún àwọn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á sì wà á. Ó ní bíréèkì á gbóná bó ṣe ń gbóná níta gan-an, ẹni tó bá sì yára jù dé ìsàlẹ̀ ló jẹ.

"Bàbá, ẹ rọra jókòó o, ẹ má jẹ́ kí tábìlì gbá yín lórúnkún," Kúdírát ní.

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó gbin igi tí wọ́n fi kan tábìlì yẹn."

Bàbá ló kọ́kọ́ wà á. Bó ṣe ń gun òkè, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn ọmọ géèmù ń pariwo "Ọ̀gá!" Àfi bí Bàbá ṣe dé góńgó òkè, tí ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ fa jíà sí fírí, tí ẹ́ńjìnì ò fi di táyà mú mọ́. Ohun tí àwọn dírẹ́bà ọ̀nà yẹn máa ń ṣe nìyẹn: bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi sí fírí kí epo má baà jó. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, bíréèkì mú. Ní ìkẹta, ó ń rú èéfín. Ní ìkarùn-ún, pẹ́dàlì rì bí ẹni tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọkọ̀ akẹ́rù fò kọjá igi, ó fò kọjá àpáta. Ká ní tẹlifíṣọ̀n ò ní etí ni, Àkúrẹ́ ni ì bá balẹ̀ sí.

Tọ́pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ géèmù tó jókòó lẹ́yìn, fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kúdírát wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ó kan Akínlẹ́yẹ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ rárá, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ó kúrò ní jíà kẹrin, ó tẹ iná fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ́ńjìnì lè gba jíà tó ń bọ̀, ó wọ ìkẹta. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wọ ìkejì. Ẹ́ńjìnì ké, ṣùgbọ́n ó di ọkọ̀ mú bí ìyá tó di ọmọ mú létí títì.

"O ń jó epo!" bàbá rẹ̀ pariwo.

"Rárá o, Bàbá mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, kò sí lórí iná. Ẹ́ńjìnì ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì."

Bíréèkì gan-an, fífẹsẹ̀bà ló ń fẹsẹ̀ bà á. Bó bá jáde ní kọ́nà, á fún un níná díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da epo sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró. Kọ́nà mọ́kànlélógún, kò fi ara kan koríko kan. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún fọn fèrè. Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní Ọjà Ọba, àwọn èèyàn rò pé iná mànàmáná dé ni.

Bàbá tẹ̀ síwájú. Ó ń wo pẹ́dàlì.

"Lọ́dún kan," ó ní, "bíréèkì mi já báyìí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ìyá oníṣu mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀. Ebè ló gbà wá dúró. Mẹkáníìkì ni mo bú, kì í ṣe fírí. Títí dòní, mi ò kí ọkùnrin náà mọ́."

Bàbá na kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sí Akínlẹ́yẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, Akínlẹ́yẹ ló wà nídìí sítíárìn, Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí àwọn ìyá oníṣu. Wọ́n dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n.

"Ìyá Adédoyin, ẹ tẹ́tí," Bàbá ní. "Ṣé ẹ gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì yẹn? Jíà ló fi ń di ọkọ̀ mú. Láti ibí dé Kútọnu, kò sí dírẹ́bà míì tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi nìyí! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ!"

Akínlẹ́yẹ la ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ nínú díńgí, ó rí i bó ṣe ń tàn, ó sì pa ẹnu dé. Ó wọ jíà kejì, bọ́ọ̀sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀.